Àgbá ajílẹ̀ oníyàrá méjì: bí mo ṣe rí i nínú òtútù

Ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò tí mo kà lórí àgbá ajílẹ̀ tí a ń fọwọ́ yí, ìyẹn àgbá tí a ń kó ewé àti èèpo oúnjẹ sí kó lè jẹrà di ajílẹ̀, ló jẹ́ ti ìgbà ooru, nígbà tí kò sí ohun tí a kó jọ tí kì í jẹrà. Ti ìparí ìgbà ìwọ́wé ni tèmi, nígbà tí òtútù ń wọnú ìbọ̀wọ́, tí ewé bo gbogbo ilẹ̀, tí àwọn igi tòmátò tó ti kú ń dúró de ẹni tí yóò hú wọn. Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí a lè fi ṣe ajílẹ̀ ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ wọ́n di ajílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra.

Rọ́bà dúdú tó nípọn ni àgbá náà, ó dùbúlẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ń gba nǹkan bí 160 lítà, wọ́n sì pín inú rẹ̀ sí méjì. Síkúrù rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì kéré débi pé wọn kò ṣeé fi ìbọ̀wọ́ mú, nítorí náà ẹ tò ó nínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró gbọnin.

Kíkó nǹkan sínú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Mo kọ́kọ́ ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko kọjá lórí ewé gbígbẹ kó lè rún wẹ́wẹ́, torí odindi ewé a máa lẹ̀ mọ́ra tí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè kọjá. Bákẹ́ẹ̀tì ewé mẹ́ta ni mo ń kó sí bákẹ́ẹ̀tì kan èèpo èso, èèpo ẹ̀fọ́ àti koríko tútù. Ewé gbígbẹ ló ní kábọ́ọ̀nù, tó ń fún àwọn kòkòrò àìfojúrí náà lágbára; ohun tútù ló ń mú náítírójìn wá, tí wọ́n fi ń dàgbà. Ohun tí à ń wá, ní ìwọ̀n ìwúwo, kì í ṣe ní iye bákẹ́ẹ̀tì, ni kábọ́ọ̀nù bí 25 sí 30 sí náítírójìn 1. Kò sí ẹran, wàrà tàbí ọ̀rá níbẹ̀ rárá. Bí mo bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí mo fún un, tí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì yọ, ó ti dáa. Bí omi bá ń ṣàn, mo máa ń ya páálí wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ má ṣe kó o ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yàrá lọ: bó bá kún dẹ́nu, ẹ óò máa yí i lásán ni, kò ní pò pọ̀.

Ti ooru ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ìwé tó bá àgbá náà wá sọ pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajílẹ̀ ti délẹ̀. Nínú òtútù, irọ́ ni. Òkìtì tó máa dá ooru ara rẹ̀ dúró dáadáa yẹ kó tó mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, ìyẹn 1,000 lítà. Yàrá kan nínú àgbá yìí kò ju 80 lítà lọ, afẹ́fẹ́ tútù sì yí i ká lókè àti nísàlẹ̀. Mo ki tẹmómítà gígùn bọ òkìtì tí mo fi irú ewé kan náà kó jọ sórí ilẹ̀: ó lé ní 50 °C, oru ń rú lórí rẹ̀ láàárọ̀. Inú àgbá kò dé 20 °C. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í da èpò tó ti so sínú àgbá, nítorí kí irúgbìn èpò tó kú, inú ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní bí 55 °C fún ọjọ́ mélòó kan.

Síbẹ̀, owó mi kò ṣòfò. Èkúté kò lè wọ ibẹ̀, òjò kò lè rin ín gbingbin, yàrá kan sì ń sinmi títí ajílẹ̀ rẹ̀ yóò fi jinná nígbà tí mo ń kó tuntun sí èkejì. Òkìtì orí ilẹ̀ ń fẹ́ fọ́ọ̀kì àti ẹ̀yìn tó le. Èyí kò gbà ju kí n yí i bí ìgbà mẹ́fà kí n sì kúrò níbẹ̀. Ojúmọ́ kúrú ní àkókò yìí, nítorí náà àǹfààní ńlá ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti fa omi kúrò nínú họ́ọ̀sì kí yìnyín má bàa bẹ́ ẹ, mo ti ha ìpẹtà ara àlùmágàjí tí mo fi ń gé ẹ̀ka, mo sì fi epo pa á. Mo gbin aáyù, mo fi ewé bò ó. Ewé tó ṣẹ́ kù lọ sínú àgò onírin lẹ́bàá ògiri. Àwọn olú tó ń hù lára ohun jíjẹrà ni yóò jẹ ìyẹn díẹ̀díẹ̀, ó lè gbà tó ọdún kan sí méjì.

Bí òtútù bá mú gan-an, ohun inú àgbá a dì pọ̀ sápá kan, yíyí rẹ̀ a sì le. Ẹ má fipá mú un kí irin àárín tí àgbá fi ń yí má bàa tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tú u díẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Ṣe ni wọ́n ń fà á gba inú ihò tóóró, ìdọ̀tí tútù ń há síbẹ̀, ó sì ń dì mọ́jú. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a nírọ̀lẹ́, mo sì ń fi epo pa á, ó sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí síta lórí ìdè, ẹ ra ìyẹn, kódà bó bá wọ́n jù ú lọ díẹ̀.