Oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi gbé trọ́ọ̀kì lórí lease-purchase: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ ẹrù ní Amẹ́ríkà níbí, tẹ́ ẹ ń rò ó lọ́kàn pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ kọ́ńpìnì sílẹ̀ kẹ́ ẹ di kọ́ńtíráátọ̀, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ ka èyí. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì tí mo bá ṣe é, àwọn nìkan kọ́ ló ń ṣe é, ẹni tó bá ti bọ́ sínú ẹ̀ rí á kàn máa mi orí ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní lease-purchase, tí wọ́n ń tà, nìyí. Wọ́n á gbé trọ́ọ̀kì fún ẹ, o ò ní san kọ́bọ̀ sílẹ̀, wọn ò ní bi ẹ́ bóyá o jẹ báǹkì ní gbèsè, wàá máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó bá pé ọdún mẹ́ta ọkọ̀ di tìẹ. Rìkúrútà, ẹni tó ń wá awakọ̀ fún wọn, tó pè mí, ohùn ẹ̀ dùn bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fún mi fẹ́. Ó ní lóòdù (ẹrù) tó bá wù mí ni mo máa mú, ó ní ìgbà tó bá wù mí ni mo máa lọlé, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Nígbà yẹn mo ti lo ọdún mẹ́rin pẹ̀lú kọ́ńpìnì kan tó ń san sẹ́ǹtì 58 fún mi lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn ti sú mi, ẹni tó ń pín ẹrù níbẹ̀ ti sú mi, kọfí ọ́fíìsì wọn gan-an ti sú mi. Ni mo bá fọwọ́ síwèé. Ìwé yẹn lé ní ogójì ojú ewé, bóyá ni mo ka mẹ́ta.

Ìràwọ̀ méjì tí mo fún wọn, ọ̀kan jẹ́ ti trọ́ọ̀kì yẹn, mi ò ní purọ́, ọkọ̀ náà dáa, ibùsùn ẹ̀ tù mí lára ju ti ilé mi lọ. Ìkejì jẹ́ ti àwọn mẹ́kánííkì wọn, àwọn yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó tán.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìwé settlement, ìyẹn ìwé ìṣirò owó tí wọ́n máa ń fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà ṣì wà lórí fóònù mi. Máìlì 2,410 ni mo rìn lọ́sẹ̀ yẹn, owó tó wọlé jẹ́ dọ́là 3,980, inú mi ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀. Owó trọ́ọ̀kì 945. Díísù 1,512. Ìnṣọ́ráǹsì 238. Owó tírélà tí mò ń fà lẹ́yìn 120, tiwọn ni tírélà yẹn o, ẹrù wọn ló sì wà nínú ẹ̀. Owó àtúnṣe, sẹ́ǹtì mẹ́wàá lórí máìlì kan, 241. Escrow, ìyẹn owó tí wọ́n ń tọ́jú lọ́wọ́, 100. Ẹ̀rọ ELD tó ń ka wákàtí mi, 18. Èyí tó délé wá jẹ́ dọ́là 806. Máìlì yẹn gan-an, sẹ́ǹtì 58 tí mo fi ń fẹnu kọ tẹ́lẹ̀ á ti fún mi ní 1,397, mi ò sì ní ra jálá díísù kan.

806 yẹn náà, mi ò tíì sanwó orí o. 1099, ìwé owó orí ti kọ́ńtíráátọ̀, ni wọ́n máa ń fún ẹ, kò sẹ́ni tó ń yọ nǹkan kan kalẹ̀ fún ẹ. Ti Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àgbàlagbà) nìkan jẹ́ ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, kọ́ńpìnì ló máa ń san ìdajì ẹ̀ fún ẹni tó bá wà lórí W-2, ìyẹn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì gan-an, ìwọ kọ́ńtíráátọ̀ ìwọ lo máa gbé gbogbo ẹ̀, wàá sì máa fi ránṣẹ́ sí IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, April 15, June 15, September 15, January 15. Mi ò mọ̀, June ti kọjá kí ẹnì kan tó sọ fún mi. Ibi tó ti dáa díẹ̀ ni ti owó oúnjẹ ojú ọ̀nà, láti October 2024 IRS gbà kó o ka dọ́là 80 lójúmọ́ tó ò bá sùn sílé, wàá yọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, awakọ̀ W-2 ò sì rí ìyẹn ṣe mọ́ láti 2018. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ yín dáadáa nítorí ìyẹn.

Ti pé mo máa mú lóòdù tó wù mí ńkọ́? Ó ní ọjọ́ kan tí dísípáṣà, ẹni tó ń pín ẹrù fún wa, ní kí n gbé ẹrù lọ sí Florida. Gbogbo wa la mọ Florida, ẹrù ń wọ ibẹ̀ bí omi òjò, èyí tó ń jáde níbẹ̀ ni ò tó nǹkan, tó o bá wọ ibẹ̀ owó táṣẹ́rẹ́ lo máa fi jáde. Mo ní rárá. Kò jà o, kò tiẹ̀ gbóhùn sókè, ó kàn ní "okay driver." Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó sínú ọgbà ibi tá a ti ń ra díísù, fóònù mi ò dún, bí mo bá sì pè, wọ́n á ní kò tíì sí nǹkan. Mi ò lè gbé ẹrù kọ́ńpìnì míì, ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí (ojú ewé tí mi ò kà nìyẹn). Owó trọ́ọ̀kì ní tiẹ̀ kì í sùn. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí wọ́n bá ní kí n lọ ni mò ń lọ. Ó dà bí ìgbà tí mò ń sanwó fún wọn kí n lè bá wọn ṣiṣẹ́.

Òfin wákàtí wíwakọ̀ náà ò sì yí padà, wákàtí 11 ni wàá fi wakọ̀ nínú 14, o ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 70 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ó bá ọ̀gá ó bá ọmọṣẹ́.

Oṣù keje ló wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Sẹ́ńsọ̀ kan lára ibi tí èéfín ń gbà jáde bàjẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ lójú títì márosẹ̀, máìlì márùn-ún ní wákàtí kan ni mo fi wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wáráńtì san owó sẹ́ńsọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ọjọ́ mẹ́fà tí ọkọ̀ fi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ta ló máa san ìyẹn? Nígbà tí settlement dé, òǹkà ẹ̀ ní àmì ìyọkúrò níwájú. Mo ṣiṣẹ́, mo tún jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìyàwó mi pè lálẹ́, ó ní "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti gbowó?" Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: òfin wà o. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí lease, 49 CFR Part 376, ní wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹ láàárín ọjọ́ 15 tó o bá ti fi ìwé ẹrù sílẹ̀, tó bá sì jẹ́ ìdá kan nínú owó ẹrù ni wọ́n ń san fún ẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́ kó o rí ìwé tó sọ iye tí oníbàárà san. Lọ́jọ́ tí mo pe nọ́ńbà òfin yẹn fún wọn nínú íméèlì, ìṣẹ́jú 20 ni ìwé tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù méjì fi dé. Ní January 2025, ìgbìmọ̀ tí FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ ẹrù, gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ lease trọ́ọ̀kì yìí gba Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nímọ̀ràn pé kí wọ́n fòfin de lease-purchase. Ẹ̀yin ti California, tiyín tún yàtọ̀, òfin ìpínlẹ̀ yín tí wọ́n ń pè ní AB5 wà níbẹ̀ láti January 2020, ó ń béèrè bóyá iṣẹ́ tí kọ́ńtíráátọ̀ ń ṣe yàtọ̀ sí òwò tí kọ́ńpìnì fúnra ẹ̀ ń ṣe, kọ́ńpìnì tó ń kó ẹrù á wá sọ pé wíwakọ̀ ẹrù kì í ṣe òwò òun ni?

Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe kọ́ńtíráátọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fi owó ọwọ́ ra trọ́ọ̀kì àlòkù, ó ń fi í kó ẹrù fún kọ́ńpìnì kan, wọ́n yẹ̀yẹ́ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó yọ orúkọ wọn lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wà á lọ síbòmíì. Wọ́n ń wò ó ni. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi rìkúrútà nìyẹn kẹ́ ẹ tó bi í léèrè owó: tí mo bá bínú lónìí, ṣé mo lè wa ọkọ̀ yìí lọ?

Èmi dá tiwọn padà lóṣù kẹsàn-án, gbogbo 945 tí mo ti ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá a lọ bí omi tá a rọ sínú apẹ̀rẹ̀. Mo ti padà sórí W-2, sẹ́ǹtì 63, kọfí ọ́fíìsì yìí náà ò dáa. Òfin ní ọjọ́ 45 ni wọ́n ní láti dá escrow padà, ọjọ́ kẹtàlélógójì ni tèmi dé, wọ́n yọ dọ́là 350 nínú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó fífọ trọ́ọ̀kì ni. Mo ti fọwọ́ ara mi fọ trọ́ọ̀kì yẹn kí n tó dá a padà, mo tiẹ̀ nu abẹ́ ibùsùn.