Ọpọ́n ayò fún ọlidé àwọn ọmọ: ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọnà ara rẹ̀

Nígbà ọlidé gígùn, láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, ọpọ́n ayò wà lára ohun tó dára jù lọ tí òbí lè fi owó rà sílé. Ọmọ ọdún méje àti ìyá àgbà lè jọ ta á, kò lo iná, kò jẹ dátà, ìṣirò sì ń wọ ọmọ lára láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọpọ́n tó wà lọ́jà kọ́ ló yẹ ọmọdé. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n gbẹ́ lódindi lára igi kan, èyí tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí àpótí, àti oníke. Odindi igi ni kí ẹ rà, bí kò tilẹ̀ ní ọnà kankan lára.

Ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò ọpọ́n, yẹ kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, kó sì jìn ju 3 lọ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ayò lè pọ̀ nínú ilé kan títí dé 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí àwọn òǹtayò ń pè ní odù. Bí ihò bá tẹ́jú, odù á kún dé etí, ọmọ ayò á yí bọ́ sí ilé kejì, ariyanjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Inú ihò gbọ́dọ̀ rí roboto bí inú igbá, torí ìka ọmọdé kì í lè fa ọmọ ayò tó há sí kọ̀rọ̀ jáde. Ẹ fi ìka yín ra inú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Bí kò bá dán, ẹ fi sánpépà ra á kí èérún igi má baà wọ ọmọ lọ́wọ́.

Igi tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ máa ń là tàbí kó wọ́. Ẹ gbé ọpọ́n sórí ibi tó tẹ́jú, ẹ tẹ igun méjì tó kọjú síra wọn; bó bá ń mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì tọ́jú èyí tó dára sínú oòrùn.

Alápòótí rọrùn láti gbé rìnrìn àjò, ọmọ ayò sì ń wà nínú rẹ̀, àmọ́ híńjì rẹ̀ ni wàhálà. Ìṣó kéékèèké ló dì í mú. Ọmọ tó ń ṣí i tó ń pa á dé lójoojúmọ́ á tú u. Àlàfo tó wà láàárín tún máa ń há ìka. Oníke fúyẹ́ jù. Ìgbọ̀nwọ́ kan tó bá gbá a, eré bàjẹ́.

Ẹ ka ọmọ ayò kí ẹ tó sanwó: 48 ló gbọ́dọ̀ pé, kí ẹ sì tọrọ mẹ́rin mìíràn sí i, torí wọn ò ní ṣàì sọnù sábẹ́ àga. Ọmọ ayò gidi, aláwọ̀ eérú, líle, tó ń dán, ló dára jù. Ẹ̀wà kéré jù, kòkòrò á sì jẹ ẹ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn eré, torí ó lè há a lọ́fun.

Ẹni tí owó ò tíì dé ọwọ́ rẹ̀ lè lo páálí ẹyin oníhò 30. Ìlà márùn-ún oníhò mẹ́fà ni. Ẹ gé ìlà mẹ́ta kúrò kó ku méjì, ọpọ́n dé. Odù ò ní gbà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ gbé abọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fún èyí tó bá kún.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ilé méjèèjìlá. A ń pín in láti òsì ẹni lọ sí ọ̀tún, kó tó gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yí padà. Bí ọmọ ayò ìkẹyìn bá sọ ilé ẹnìkejì di 2 tàbí 3, a jẹ ẹ́. Òfin kan ṣoṣo tí òbí yóò fi kún un ni èyí: kí ọmọ tó fọwọ́ kan ayò, kó kọ́kọ́ sọ ilé tí yóò parí sí. Ká ní 5 wà ní ilé kẹrin láti òsì rẹ̀. Méjì á bọ́ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀, mẹ́ta á wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí 1 bá wà ní ilé tó parí sí, ó di 2, ó jẹ ẹ́. Bí 2 bá wà ní ilé tó ṣáájú rẹ̀, ó di 3, ó jẹ ìyẹn náà. 4 tó wà ṣáájú ìyẹn di 5, ó dúró níbẹ̀. Ọmọ ayò 5 wọlé. Ọmọ tó rí i kó tó ta á ti ń ro ìṣirò jinlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣàṣìṣe jù ni odù: ẹni tó bá ń pín 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fo ilé tó ti kó o. Bí gbogbo ilé ẹnìkejì bá sì ṣófo, ẹ gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò fún un ní ayò bó bá ṣeé ṣe.

Fún ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ fi mẹ́ta mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. 36 ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 19 ló jẹ́ ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó borí. Ẹ má fi méjì méjì bẹ̀rẹ̀, torí ayò àkọ́kọ́ tó bá wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì á sọ ilé rẹ̀ di 3, jíjẹ á sì bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó ronú rárá. Fún ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n ta, ẹ dá eré dúró láàárín kí ẹ bi í pé: tìrẹ jẹ́ 17, 12 ṣì wà nínú ọpọ́n, mélòó ló wà lọ́wọ́ mi? Kò gbọdọ̀ ka tiyín. Àgbà tó ń tọ́ka ilé tí ọmọ máa ta fún un ló ń ba eré yìí jẹ́ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọndọnu tàbí Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mancala sábà máa ń ní ihò ńlá méjì ní ìkángun. Òfin Kalah, irú eré mancala kan tí William Julius Champion ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1940, ló sábà máa ń wà nínú ìwé rẹ̀, a sì ń pín ayò sínú ihò ńlá náà níbẹ̀. Ẹ pa ìwé yẹn tì. Ẹ fo ihò ńlá méjèèjì nígbà tí ẹ bá ń pín, ohun tí kálukú bá jẹ ni kó máa kó síbẹ̀. Ẹ ka iye ọmọ ayò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ inú rẹ̀ ń pé 48.