Táyà àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì: Gatorskin, Grand Prix 5000 àti ríìmù Velocity Dyad

Ẹni tó bá gbé táyà 25 (ìyẹn ìbú rẹ̀ ní mílímítà) ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́nìkan sórí kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì, túùbù ni yóò máa rà kiri. Ẹ wo ẹrù náà: èèyàn méjì lè tó kílò 150, kẹ̀kẹ́ bíi kílò 18, omi àti irinṣẹ́ tún wà níbẹ̀, táyà méjì péré ló sì gbé gbogbo rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà tín-ín-rín yẹn bá dín díẹ̀, kòtò kan ṣoṣo ti tó kí ríìmù fi há túùbù mọ́lẹ̀, kó dá ihò méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. 28 ló kéré jù. 32 la fọwọ́ sí bí férémù bá ti gbà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àlàfo àárín táyà àti férémù: ó yẹ kí mílímítà 4 ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún, lósì àti lókè. Ẹ má gba nọ́ńbà ara táyà gbọ́ pátápátá, torí 32 lórí ríìmù tó fẹ̀ lè di 33 tàbí 34 bó bá ti kún.

Táyà Continental Gatorskin ni ká fi sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í tètè ya, kò sì rọrùn fún àfọ́kù ìgò láti wọ inú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà rẹ̀ le: bí òjò bá ti rọ̀, kì í di títì mú bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà. Grand Prix 5000, tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, yàtọ̀ gan-an. Ó yá, ó ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń tu ẹni tó jókòó sẹ́yìn lára, ẹni tí kì í rí kòtò kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Òkúta ẹlẹ́nu mímú kan lè là á. Ohun tá a yàn ni 5000 níwájú, torí ibẹ̀ la ti ń darí, Gatorskin lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni táyà ti ń tètè jẹ. Ihò kékeré méjì wà lójú táyà 5000. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí wọn mọ́, táyà ti tán. Táyà tó gbó kì í lọ síwájú láé: bí ti ẹ̀yìn bá bẹ́, ẹ ṣì lè rọra dúró, bí ti iwájú bá bẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ò ní gbọ́ràn mọ́, ẹ̀mí méjì ló sì wà lórí rẹ̀. Táyà Schwalbe Marathon dára fún arìnrìn-àjò tó di ẹrù. Ó wúwo jù fún eré.

Fún nǹkan bíi kílò 170 lórí 32, ẹ fa pọ́ǹpù títí ti ẹ̀yìn á fi dé 90 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), ti iwájú 85. Ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, torí lórí kẹ̀kẹ́ yìí ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba. Ẹ má kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà àti ríìmù. Ibí yìí gan-an ni ríìmù ìgbàlódé tí kò ní ìkọ́ létí tó ń di táyà mú ti kùnà: bar 5, ìyẹn bíi 72 psi, ni ìlànà fi mọ fún un, kò sì tó láti gbé èèyàn méjì lórí táyà 28 tàbí 32. Ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ríìmù tá a fọkàn tán ni Velocity Dyad, tó fẹ̀ ní mílímítà 24. Ẹ mú èyí tó ní ihò sípókù 36 bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá wúwo, 40 bí ẹ bá sún mọ́ kílò 160. Ẹsẹ̀ onísípókù 16 fúyẹ́, àmọ́ bí ọ̀kan bá dá lára rẹ̀, ríìmù á wọ́ débi tí yóò máa ha férémù. Bí ọ̀kan bá dá lára 40, ẹ ó tú bíréèkì díẹ̀, ẹ ó sì gùn ún délé. Fífún kọ́ ló sábà ń dá sípókù. Dídẹ̀ ló ń pa á: bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí, sípókù tó bá dé ìsàlẹ̀ á dẹ̀, á tún fún padà, títí ọrùn rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù tó wà láàárín ẹsẹ̀, á fi ṣẹ́. Ẹ fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí okùn gìtá. Àwọn tó wà lápá kan náà gbọ́dọ̀ dún jọra. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ó ti dẹ̀. Lápá ṣéènì, kílò 110 sí 120 ló yẹ kí ẹ rí lórí ẹ̀rọ tó ń wọn fífún sípókù. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn kìlómítà 200 àkọ́kọ́.

Ìbú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 145; Santana, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì, ń lo 160. Ìbú yẹn ló ń jẹ́ kí sípókù ọ̀tún àti tòsì fún fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà, torí náà ẹ wọn férémù yín kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ibi tí kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ jíà ẹ̀yìn, ń wọ̀ lára họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tàbí titanium, bíi ti ilé iṣẹ́ White Industries. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rin bá ń tẹ kẹ̀kẹ́ gun òkè, kásẹ́ẹ̀tì á jẹ wọ inú aluminium, títú rẹ̀ á wá di wàhálà.

Ohun tí wọn kì í kà sí ni téèpù inú ríìmù. Bíréèkì tó ń há ríìmù nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn ń mú kó gbóná, téèpù oníke á rọ̀, túùbù á sì yọ gba ihò sípókù, á bẹ́. Ẹ yọ táyà, ẹ wò ó: bó bá ti jin sínú ihò kọ̀ọ̀kan bí ojú àtàǹpàkò, ẹ bó o dànù, kí ẹ fi téèpù aláṣọ ti Velox rọ́pò. Bí òkè bá pọ̀ lọ́nà yín, bíréèkì díìskì tó fẹ̀ ní mílímítà 203 ni kí ẹ fi sí i. Kí wọ́n tó hun sípókù kan, ẹ rí i pé họ́ọ̀bù náà ní ibi tí wọ́n ń de díìskì mọ́.