Ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè sọ̀kalẹ̀: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ mẹ́ta tí mo sanwó rẹ̀ lórí ọkọ̀ mánúà mi

Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tí mo ń wà nílùú Ìbàdàn láti ọdún 2019 jẹ́ mánúà oníjíà márùn-ún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, ọdún 2007 ni wọ́n ṣe é, láti Belgium ni ó sì ti wọlé. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á ni mo ti kíyè sí ìwà kan tí kò sí lára ọkọ̀ tí mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, tí mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí ó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, tí ó sì ń tú u) kí n lè bọ́ sí jíà kejì, abẹ́rẹ́ tí ó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kì í wálẹ̀. Yóò dúró sójú ibi tí ó wà bí àlejò tí a ti kí pé ó dàárọ̀ tí kò dìde; nígbà mìíràn, yóò tilẹ̀ gòkè díẹ̀ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí kò wa mánúà rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí mo bá fi jíà kìíní sáré títí abẹ́rẹ́ fi dé 3,000, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, jíà kejì ọkọ̀ yìí kò nílò ju nǹkan bí 1,600 lọ fún eré kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì wà lókè nígbà tí mo ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ọkọ̀ yóò ta síwájú bí ìgbà tí wọ́n tì í lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò sì fi ara rẹ̀ gba gbogbo ìyàtọ̀ náà. Bí mo bá sì ní kí n dúró dè é, àwọn awakọ̀ takisí Micra tí ó wà lẹ́yìn mi ní Mọ́kọ́lá yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ní 2022 ni mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì náà, nígbà tí wọ́n sì fi ògbólógbòó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ti jẹ dé orí ìṣó tí wọ́n fi kàn án mọ́ irin. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni fífọ throttle, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bàbá mẹkáníìkì tí ó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ló dá a lábàá, ₦5,000 ni mo sì san fún un. Èédú tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ nípọn bí ti ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké ní 1,500 nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, nítorí pé brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti mọ ìwọ̀n tí ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà sí nígbà tí ó dọ̀tí, ó sì ní láti kọ́ ìwọ̀n tuntun. Nígbà tí ó kọ́ ọ tán, ó padà sí 850, ṣùgbọ́n àìsọ̀kalẹ̀ tí mo torí rẹ̀ sanwó ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, bí òyìnbó ṣe ṣe é nìyẹn.” Mo rò nígbà náà pé àwáwí ni.

Kí n má baà máa fi ojú lásán ṣe ìdájọ́, mo ní kí ọmọ mi fi fóònù ya fídíò dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, a ti pa éásì (AC), mo tẹ iná dé 3,000, mo sì gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà mẹ́wàá ni a ṣe é. Kí abẹ́rẹ́ tó dé 1,500, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀.

Iṣẹ́ kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ọgbà mẹkáníìkì kan ni, ní apá Ring Road, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan sí wọn: kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá ni ọ̀gá ibẹ̀ ti ní kí n lọ mú ₦65,000 wá fún throttle mìíràn. Mo kọ̀, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ni ó gba iyì wọn là. Ó ki ẹ̀rọ síkáànì, tí ó ń ka ohun tí brain box ń ṣe, bọ ọkọ̀, ó sì fi hàn mí pé nígbà tí ọkọ̀ dúró, brain box ń fi epo kún ìwọ̀n tí ó yẹ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó tẹ iná dé 2,500, àfikún náà já wálẹ̀ sí 4. Ó ní èyí túmọ̀ sí pé atẹ́gùn kan ń wọlé tí ẹ̀rọ tí ó ń wọn atẹ́gùn kò rí. Ihò kékeré a máa jẹ́ ìpín ńlá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń mí gan-an, ihò náà kò tó nǹkan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbé ẹ̀rọ eléèéfín jáde. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dí ẹnu páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó sì fẹ́ èéfín funfun sínú rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí okùn èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níhà ibi tí ojú kò dé. Ó tan iná fóònù sí i, ó ní, “Ẹ wo ibẹ̀, sà.” Hóòsì rọ́bà kan ni, òkè rẹ̀ ń dán bí tuntun, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là bí èékánná ìka. Níwọ̀n ìgbà tí ihò yẹn bá wà, bí a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn throttle, ẹ́ńjìnnì ṣì ń rí atẹ́gùn mu, brain box sì ti ń fi epo kún un. Kí ni yóò wá mú un sọ̀kalẹ̀? A ra hóòsì ní ọjà Àràròmí, ní Gate, ní ₦4,000. Àyẹ̀wò eléèéfín jẹ́ ₦15,000. Fídíò tí a yà ní alẹ́ ọjọ́ náà fi ìṣẹ́jú àáyá méjì hàn.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ó ṣẹ́ kù yìí ni Bàbá mẹkáníìkì jàre lé lórí. Throttle ọkọ̀ yìí kò ní okùn irin. Ẹsẹ̀ mi kọ́ ni ó ń tì í, brain box ni, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé kí ó máa rọra tì í. Bí a bá tì í lójijì, epo tí ó ti rin ara ògiri ọ̀nà atẹ́gùn yóò gbẹ wọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà láìsí atẹ́gùn tí yóò fi jó, yóò sì bá sàìlẹ́ńsà jáde láìjó. Bí wọ́n bá sì gé epo pátápátá, atẹ́gùn òfìfo ni yóò kún inú catalyst, ìyẹn ohun tí ó ń fọ èéfín mọ́ kí ó tó jáde, kò sì ní lè pa èéfín olóró kan tí ó ní náítírójìn nínú nígbà tí epo bá padà dé. Òfin èéfín ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń sá fún. (Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ tí ó wà níta ni wọ́n ti yọ catalyst rẹ̀ tà, tèmi ṣì wà níbẹ̀.)

Iṣẹ́ kẹta nìyẹn: yíyí ohun tí wọ́n kọ sínú brain box padà. Ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá láti Èkó, ó so ó mọ́ ojú ibi síkáànì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì mú kí throttle tètè máa tì. ₦120,000 ni ó gbà. Ní ọjọ́ kìíní, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, bíbọ́ láti jíà kìíní sí ìkejì sì dùn débi pé mo gba ojú ọ̀nà Mọ́níyà lọ láìní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìgbàkígbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ yóò fà sẹ́yìn gìrì, ìyàwó mi sì ní òun yóò máa wọ Micra lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí arákùnrin náà padà wá dẹ̀ ẹ́, ó dẹ̀ ẹ́ sí bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Òórùn epo díẹ̀ ti wà nídìí sàìlẹ́ńsà báyìí tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, èyí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ gba ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú brain box yín tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èmi ni mo bèèrè, òun kò fẹ́ fún mi.

Wọ́n tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi flywheel fífúyẹ́ (àgbá irin tí ó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tí kílọ́ọ̀ṣì fara mọ́) sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, mo sì ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá ní kí n tún owó ná lónìí, n ó sanwó àyẹ̀wò eléèéfín láìronú lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì ní pe ẹni Èkó àfi bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀ ni fàájì mi. Ìdá ńlá nínú ohun tí ó ṣe ni mo ti ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, nípa gbígbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀ ṣáájú kí n tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè fa ẹ́ńjìnnì wálẹ̀. Láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé arákùnrin náà kò fọwọ́ kan apá ìyẹn nínú brain box, abẹ́rẹ́ sì tún máa ń ṣe bí àlejò títí tí a ó fi kọjá Sáńgò.