Ìgò kábáàdì fún wíwọn omi inú yẹ̀pẹ̀: ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó

Bí rólà bá gun yẹ̀pẹ̀ tí omi rẹ̀ pọ̀ jù, owó ti bá ilẹ̀ lọ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n ra ìgò kábáàdì nìyí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa nídìí iṣẹ́ ọ̀nà ń pè ní Speedy. Tẹ́lẹ̀, láàbù là ń gbé yẹ̀pẹ̀ lọ, á sùn sínú ààrò tó gbóná tó 105 sí 110 °C. Kí èsì tó dé lọ́jọ́ kejì, òjò ti lè rọ̀ sórí èyí tó kù nílẹ̀.

Ìgò yìí kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. N óò wọn yẹ̀pẹ̀ sórí ìwọ̀n kékeré tó bá a wá, n óò bu ẹ̀tù kábáàdì àti ọmọ irin roboto méjì sínú ìgò, n óò bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìdérí rẹ̀, n óò dá ìgò nà kí yẹ̀pẹ̀ àti kábáàdì má tíì fara kanra, n óò dé e pinpin, kí n tó máa mì í. Tí omi bá pàdé kábáàdì, gáàsì tí àwọn wẹ́dà ń lò yẹn á jáde, á sì máa ti abẹ́rẹ́ aago tó wà nídìí ìgò, èyí tó ń ka ìdá omi. Irin ara ìgò á lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti gbowó lọ́wọ́ mi. Lójú ọ̀nà kan lẹ́yìn Ìkirè, àyẹ̀wò Proctor sọ pé omi 16% ló máa jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ pupa wa dì jù lọ, wọ́n sì gbà wá láàyè 2% sókè tàbí sísàlẹ̀. Aago mi ka 16.5. Mo ní kí rólà wọlé. Kò pẹ́ tí fóómàn fi pè mí: "Ẹnjiníà, ẹ wá wo ilẹ̀ yìí, ó ń mì." Lóòótọ́ ni. Ilẹ̀ ń rì níwájú ẹsẹ̀ rólà, ó ń wú lẹ́yìn rẹ̀ bíi fóòmù ibùsùn. Omi ti gba ààyè tó yẹ kí ẹyọ yẹ̀pẹ̀ fi sún mọ́ra.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí: orí ìwọ̀n yẹ̀pẹ̀ tútù ni aago ìgò ti ń ṣírò ìdá omi. Orí ìwọ̀n yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni Proctor. Ẹ yọ 16.5 kúrò nínú 100, ó ku 83.5. Ẹ fi 83.5 pín 16.5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: 19.8% ni omi gan-an! Gíréda ló tún ilẹ̀ hú, a sá a sóòrùn odidi ọjọ́ kan, owó rólà sì di méjì.

Kábáàdì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó. Agolo tí ọlọ́jà kan tà fún mi ti gba atẹ́gùn tẹ́lẹ̀, aago wá ń ka omi kéré ju bó ṣe wà lọ. Ìgbà tí mo fi wé ti ààrò ni mo tó mọ̀. Amọ̀ tó ń lẹ̀ náà le fún un: bí kókó rẹ̀ kò bá fọ́ tán, omi inú rẹ̀ kò ní jáde. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá sì pọ̀ sí, ààrò ni mo ṣì gbà gbọ́, torí yẹ̀pẹ̀ tí ìgò ń gbà kéré jù. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú gáàsì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí.

Bó bá sọnù lónìí, n óò ra òmíràn lọ́la. Ìlà méjì ni fóómàn ń kọ sínú ìwé iṣẹ́ báyìí: ohun tí aago kà, àti ohun tí omi jẹ́ gan-an. Èyí kejì nìkan la fi ń pe rólà.