Mo fi National Archives wá ìwé ìhágún ìdílé ọkọ mi, ohun tójú mi rí nìyí

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀ o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí ìwé ìhágún ìdílé ọkọ mi. Òyìnbó Kent ní England ni ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi. Táwọn ọmọ wa bá ní kí n ka ìran tèmi fún wọn, màá kà á débi tó jìnnà, àmọ́ tó bá kan ti dádì wọn, orí bàbá bàbá ẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń dúró sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wíìlì àwọn ará àtijọ́. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi àti ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n fún yín, àmọ́ inú ìwé ìhágún lẹ ti máa gbọ́ ohùn òkú fúnra ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ mọ ọjọ́ yìí: 12 January 1858. Láti ọjọ́ yẹn ìjọba Ìlú Ọba ló ń bójú tó probate, ìyẹn fífi àṣẹ sí wíìlì òkú, sáìtì ìjọba tó ń jẹ́ Find a Will lẹ ti máa wá a. Nígbà tí mo ra ti ọdún 1871 kan níbẹ̀ ní 2022, £1.50 péré ni. Ohun tó bá ti ṣáájú ọjọ́ yẹn, ilé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín, wọ́n sì lé ní 200, oníkálukú pẹ̀lú ìwé tiẹ̀. Ti Canterbury ló ga jù, York ló tẹ̀ lé e fún àwọn ará àríwá. Ìwé ti Canterbury yẹn ló wà ní National Archives, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ìjọba Ìlú Ọba, ní Kew ní London, PROB 11 ni nọ́ńbà ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1384 títí dé 1858.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo sanwó ọdún kan fún sáìtì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, àkékúrú ni wọ́n fún mi, wọn ò fún mi níwèé gan-an. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa bàbá ńlá ọkọ mi kan ni pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá náà, pé 1804 ni ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí wíìlì ẹ̀, pé ó kó irinṣẹ́ fún ọmọkùnrin kejì, ó sì fún àkọ́bí ní ṣílè kan. Ṣílè kan! Ọkọ mi kàn dákẹ́ ni, torí àkọ́bí yẹn gan-an ló bí ìran tiwọn. Ẹ wo dáwódù tí wọ́n fún ní ṣílè kan níṣojú àwọn àbúrò ẹ̀, nílé wa, ìpàdé ẹbí mẹ́ta ò ní parí ẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi gbà pé bàbá náà kọ ọmọ ẹ̀ lọ́mọ.

Ni mo bá lọ sórí sáìtì National Archives ti Kew. Mo tẹ orúkọ náà bí sáìtì yẹn ṣe kọ ọ́, kò jáde. Àṣé s gígùn tí wọ́n máa ń kọ láyé ìgbà yẹn jọ f, àwọn yẹn sì ti fi f sí i. Mo yí i padà, ó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo forúkọ sílẹ̀, mo dáńlóòdù ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lásìkò tí mo ṣe é ní 2021. Dúdú òun funfun ni fọ́tò náà, ọ̀rọ̀ tò gbọọrọ láìsí ìpínrọ̀ láìsí kọ́mà, wíìlì elòmíì ló wà lókè ojú ewé, tiwa bẹ̀rẹ̀ láàárín, wọ́n wá kọ orúkọ bàbá náà gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀ màá fi àlàfo sí i, màá sì máa lọ, torí lẹ́tà tó bá ṣòro níbí máa tún jáde níwájú nínú ọ̀rọ̀ téèyàn mọ̀.

Ó fún ìyàwó ẹ̀ ní ibùsùn àti àwọn aṣọ ibùsùn. Ewìrì, owú, ẹmú, gbogbo ohun tó wà nílé àgbẹ̀dẹ, ó kó o fún ọmọ kejì. Ó wá kan àkọ́bí, ṣílè kan lóòótọ́, àmọ́ gbólóhùn ò tíì parí o, ó wọ ojú ewé kejì: torí pé òun ti fún un ní ìpín tiẹ̀ nígbà tó gbéyàwó. Omi bọ́ lójú ọkọ mi. Ṣílè yẹn wà níbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà sọ pé bàbá gbàgbé ọmọ ẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gba ìwé gan-an, kẹ́ ẹ kà á débi ó parí sí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan á ṣì yín lọ́nà. Tó bá kọ cousin, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń sọ. Son-in-law lè jẹ́ ọmọ tí ìyàwó bí wá. Tẹ́ ẹ bá rí i pé London ni ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i, kò túmọ̀ sí pé London ló ń gbé. Orúkọ tẹ́ ẹ máa rí nísàlẹ̀ náà, kì í ṣe ọwọ́ òkú ló kọ ọ́, akọ̀wé ilé ẹjọ́ ló dà á kọ. Ti owó ni mo pe màámi lórí fóònù sí, wọn ò tiẹ̀ ronú: “Ogún ṣílè ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, pẹ́ńsì méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè, tọ́rọ́ ni mẹ́ta, sísì ni mẹ́fà.” Owó táwọn náà ná títí náírà fi dé ní 1973.

Ohun kan wà tó dùn mí. Mo tẹ Jamaica sínú PROB 11 lálẹ́ ọjọ́ kan, ni mo bá ń rí wíìlì àwọn olóko ìrèké, èèyàn bíi tiwa ni wọ́n ń pín pẹ̀lú màlúù àti ìkòkò ṣúgà. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mi ò lè sùn. Síbẹ̀ ẹni tó bá ń wá ìran ẹ̀ ní Caribbean, kó wo ibẹ̀, ó lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Devon tàbí Somerset ni tiyín ti wá, ẹ ṣọkàn gírí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bọ́ǹbù tó bọ́ sí Exeter, ìlú kan ní Devon, ní 1942 jó ọ̀pọ̀ ìwé ìhágún wọn. Fún Kent, mo dúpẹ́. Wíìlì opó alágbẹ̀dẹ yẹn ni mò ń wá báyìí, kò sí ní Kew, ó jọ pé ilé ẹjọ́ kékeré ló lọ, Maidstone ní Kent ni wọ́n kó ìwé ìyẹn sí. Ọkọ mi ti gbàyè níbi iṣẹ́, ọjọ́ Tuesday la ń lọ.