Kíláàsì heat exchanger tí mo lọ ní Tanke: ti bírò dáa, ti kọ̀ǹpútà kù díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé kíláàsì heat exchanger (ẹ̀rọ tí omi gbígbóná ti ń gbé ooru ẹ̀ fún omi tútù láìdàpọ̀) tí mo lọ ní Tanke, n'Ílọrin, yẹn tó owó ẹ̀, ó tó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló tó. ₦35,000 ni mo san fún Sátidé mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹjọ́ wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rò, ẹni tó bá ń gbé Tanke ti lè máa fura síbi tí mò ń sọ.

Sátidé àkọ́kọ́, a gbé láptọ́ọ̀pù wa dé, bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ wa ní ká gbé gbogbo ẹ̀ sápá kan, ká mú bírò. Inú bí mi díẹ̀, ṣé mo wá kọ́ software ni àbí mo wá kọ ìṣirò. Ó wá gbé iṣẹ́ fún wa: omi gbígbóná ń wọlé, 5 kg ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ mú un láti 80°C wá sí 50°C, omi tútù tó máa gba ooru ẹ̀ á wọlé ní 30°C á jáde ní 45°C. Ẹ ṣírò ẹ̀, ooru yẹn jẹ́ 627 kW, omi tútù tẹ́ ẹ nílò jẹ́ 10 kg ní sẹ́kọ́ǹdì kan. LMTD, ìyẹn ìyàtọ̀ ooru omi méjèèjì tá a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 26.8°C, àmọ́ torí pé omi tútù tó ń gba inú páìpù (ti gbígbóná ń gba ìta wọn, nínú àgbá tí wọ́n ń pè ní shell) máa lọ á tún padà, kò lè gba ooru dáadáa tó bí ìgbà táwọn omi méjèèjì kàn ń kọjú síra wọn lọ, ìyẹn ni Ft, nọ́ńbà àtúnṣe tó jẹ́ 0.883, ṣe dín in kù sí 23.7. A wá méfò U, ìyẹn bí ooru ṣe ń ráyè kọjá lára páìpù sí, 1,000 W/m²K la mú, ó gbé 26.5 m² jáde fún ojú páìpù tí ooru máa gbà kọjá, páìpù tó fẹ̀ ní 19.05 mm tó gùn ní mítà 3, 148 ni.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá yìí bá wo ìwé mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi yẹn ń sáré ni àbí ó ń fàyà fà?" Mo wò ó, pass méjì ni (àlọ kan, àbọ̀ kan), páìpù 74 ní pass kọ̀ọ̀kan, omi ń rìn ní 0.79 m/s péré, ìdọ̀tí á kàn jókòó sínú páìpù ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di pass mẹ́rin ó di 1.57 m/s, ìyẹn dáa, àmọ́ pressure drop, ìyẹn agbára tí omi ń pàdánù bó ṣe ń gba páìpù kọjá, á fò sókè bí ìlọ́po méje, pọ́ǹpù lá gbé e. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Fouling náà, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ báyìí rí o, ó ní ká lọ wo inú ìkòkò tí wọ́n fi ń gbé omi bọhóòlù kaná nílé wa, nǹkan funfun tó le koko tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, òun ni fouling, òun ni kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi omi tó bá dọ̀tí sínú páìpù, búrọ́ọ̀ṣì á lè wọ ibẹ̀. Tó bá wá di dandan kó gba ìta páìpù, ẹ to páìpù ní square pitch (onígun mẹ́rin), torí triangular (onígun mẹ́ta) gba páìpù púpọ̀ lóòótọ́ àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì ò ríbi gbà láàárín wọn.

Ọ̀nà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Kern la fi ṣe ti omi inú shell. Ó rọrùn, àmọ́ ó ṣe bí ẹni pé gbogbo omi ló gba àárín páìpù kọjá, bẹ́ẹ̀ omi ò ya òmùgọ̀, á yọ́ gba ihò tó wà létí baffle (irin pẹlẹbẹ tó ń darí omi nínú shell), á gba ẹ̀gbẹ́ shell. Ọ̀nà ìṣirò míì, Bell-Delaware, ló ń ka gbogbo ìyọ́lọ yìí, a kàn fọwọ́ bà á ni ní Sátidé kejì.

Ó wá kan ti kọ̀ǹpútà ní Sátidé kẹta, ẹjọ́ mi nìyí. Aspen, software kan fún irú ìṣirò yìí, ni wọ́n kọ sára fláyà, a débẹ̀, DWSIM, software míì, la bá. Mi ò bá DWSIM jà o, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux, ó sì níbi tẹ́ ẹ ti lè kọ iye páìpù, pass, baffle, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ kẹ́ ẹ tó gbowó! Iná tún lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, wákàtí kan àbọ̀ la fi rí software náà lò nínú ọjọ́ kan gbáko. 

Nínú wákàtí kan àbọ̀ yẹn ṣá, mo gbàgbé láti fi fouling sí i. U tó gbé jáde ga fíìfíì ju tọwọ́ mi lọ, kò kìlọ̀, kò bú mi, ó kàn to nọ́ńbà síwájú mi rẹ́gírẹ́gí. Ká ní mi ò tíì fi bírò ṣe é tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti gbà á bẹ́ẹ̀, ǹ bá sì ra exchanger tó kéré.

Sátífíkéètì, ₦5,000 lọ́tọ̀, wọn ò sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ bá wọn ṣe é kí wọ́n gba owó Sátidé méjì àkọ́kọ́ nìkan, ẹ sì jókòó síwájú, torí bọ́ọ̀dù wọn ti parẹ́, ará ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan.